Alágbàfọ̀ Tó Fẹ́ Kọrin Ju Gbogbo Ayé Lọ

Okùn mẹ́ta ni wọ́n ta níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ náà, láti ara ògiri dé ara òpó iná, aṣọ kì í sì í tán lórí wọn. Nínú yàrá, tábìlì gígùn kan wà tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, áyọ́ọ̀nù méjì sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ń gbóná, ọ̀kan ń tutù. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìyá Sítáàṣì ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí kọ́là tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ tilẹ̀ tẹríba, kọ́là náà kò ní bá a tẹríba.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lápá ibẹ̀ yóò gbọ́ orin kó tó gbóòórùn ọṣẹ. Obìnrin náà ń kọrin bó ṣe ń fọ̀, ó ń kọrin bó ṣe ń sá, ó ń kọrin bó ṣe ń lọ̀ ọ́. Bí orin bá dákẹ́, àwọn aládùúgbò á mọ̀ pé ó ń jẹun ni. Kò kọ́ orin ní ilé-ìwé kankan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá náà ti kọrin rí nígbà èwe rẹ̀, ní àwọn gbọ̀ngàn tí èrò máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ tí kò sì padà mọ́, ó fi gbọ̀ngàn sílẹ̀, ó gbé bàsíà kalẹ̀, aṣọ aláṣọ ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì dàgbà.

Ìyá yìí kì í yin ènìyàn. Oúnjẹ tí ọmọ bá sè, iyọ̀ rẹ̀ kò tó tàbí kó pọ̀ jù. Aṣọ tí ọmọ bá lọ̀, yóò rí ibi tó hun jọ. Ní ti orin, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí àlejò bá ní, "Ìyá, ọmọ yín mà mọ orin kọ o," á ní, "Ẹ má bà á jẹ́ fún mi. Ó ṣì ń kọ́ ọ ni."

Orin kan wà tí ìjà wọn kò tán lórí rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló dá a, ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kìíní rẹ̀ rọrùn:

Oòrùn yọ, mo sá aṣọ,
Afẹ́fẹ́, má mà gbé e lọ;
Aláṣọ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́,
Yóò béèrè aṣọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kejì ni wàhálà:

Oòrùn wọ̀, mo kó aṣọ wọlé,
Aláṣọ ò tíì dé;
Mo ká a, mo gbé e sílẹ̀,
Mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìlà tó kẹ́yìn yìí, ńṣe ló máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èémí kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi gbé e dé òpin. Láti kékeré ni èémí ọmọ ti máa ń tán lójú ọ̀nà. Ìyá á sì ké láti inú yàrá, "O tún ti gbé e mì!"

Lára àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan nílé-iṣẹ́ rédíò, tí ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá kọrin pẹ́ jù lọ lágbàáyé sí. "Ìyá Sítáàṣì," ó ní, "ohun tí ẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níbí yìí, àwọn kan ń fi gba orúkọ níbòmíràn o." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò tún ronú kàn án títí ìyá rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí dókítà sì sọ pé ọkàn arúgbó náà ti rẹ̀, kò sí oògùn tó lè sọ ọ́ di ọ̀tun.

Ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ni ìyá dùbúlẹ̀ sí. Aránbàtà ni ọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ kò sì nílẹ̀kùn, pàápàá bó bá kan àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà bá a níbi tó ti ń lu ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kan.

"Bọ̀dá mi, mo fẹ́ ṣe nǹkan tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn sọ."

"Èwo? Kí o kọrin títí etí gbogbo ayé á fi di?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé, ṣé ìwé náà á wá bá ọ lọ aṣọ ni?"

"Màámi ò yìn mí rí. Bí mo bá kọ gbogbo orin wọn lójú ayé, láìjẹ́ kó bọ́, bóyá wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó lọ."

Aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀. "Àbúrò," ó ní, "o mọ̀ pé obìnrin yẹn lè ní o kọ ọ́ yá jù."

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé aránbàtà ni wọ́n lò, nítorí fèrèsé yàrá ìyá dojú kọ ọ́. Wọ́n gbé sípíkà kan sí ẹnu ọ̀nà kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà. Òfin ibẹ̀ kò ṣòroó yé: bí orin kan bá parí, òmíràn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìsinmi kékeré tirẹ̀, orin tí a bá ti kọ, a kò gbọdọ̀ tún un kọ títí wákàtí mẹ́rin yóò fi kọjá. Ẹlẹ́rìí méjì ní láti wà níjokòó nígbà gbogbo. Olórí wọn ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá nídìí. Ẹni tó wà ní ipò kìíní nígbà náà, tó ń gbé ilẹ̀ òkèèrè, ti kọrin fún bí ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ kìíní dà bí eré. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ alágbàfọ̀ wú, wọ́n gbé bàsíà omi tútù sábẹ́ àga rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó ń fà á padà, ó tún ń nà án. Àwọn èrò rò pé ijó ni. Aṣọ ló ń lọ̀ lójú oorun. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n orin kò dúró.

Nígbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sáré gba ẹ̀yìn ilé wá, á jókòó ti àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á sì jíṣẹ́ ìyá.

"Wọ́n ní kí ló ń lé ọ nínú orin àwọn apẹja yẹn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé oorun ni."

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀: "Wọ́n ní ohùn rẹ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Èmi kọ́ o, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Bó bá jẹ́ tèmi ni, èmi á ní ẹṣin tó ń wúkọ́ ni."

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á mu omi gbígbóná, á dìde. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé òun kò rí ẹni tí èébú ń fún lágbára báyìí rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó kọ orin aṣọ sísá. Ẹsẹ̀ kìíní dára. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn nínú ẹsẹ̀ kejì, èémí rẹ̀ já, ó gbé e mì. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìsinmi tó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dé.

"Wọ́n ní o tún ti gbé e mì. Wọ́n ní bó bá wúwo jù fún ọ, kí o sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé nígbà tí mo bá tún kọ ọ́, n ó gbé e délé."

Ó padà sórí àga. Ó ku díẹ̀ kó kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí orin ò sì tíì dúró, ipò náà di tirẹ̀. Èrò ti kún, àwọn kan dúró sórí fèrèsé.

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra ń rìn bọ̀. Kò jókòó. Ó mú aṣọ ìnura, ó nu iwájú orí àbúrò rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà láyé.

"Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Màámi ní o ṣe é dáadáa. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí ọ."

Obìnrin náà wò ó. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn?"

"Àbí n ó purọ́ mọ́ ọ ni?"

Obìnrin náà gbé ife omi sílẹ̀ láìmu ún. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀bùn ni òun gbé lé àbúrò òun lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyàwó rẹ̀ ló ti ní kí wọ́n má tíì sọ fún un, kí ó kọ́kọ́ dé òpin ohun tó dáwọ́ lé. Kò sẹ́ni nínú wọn tó rántí pé ìyá tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ yìí kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ í sọ.

Obìnrin náà padà sídìí máíkì. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ tó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀:

Oòrùn yọ, mo sá aṣọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbójú sókè. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá Sítáàṣì, ẹ ti kọ ìyẹn! Ẹ yí i padà! Ẹ jọ̀ọ́!" Àwọn èrò náà pariwo. Ó rí wọn, ó sì mọ òfin náà ju gbogbo wọn lọ. Ó di ojú, ó kọjá sí ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tó ku ìlà kan, ó dúró, ó fa èémí títí èjìká rẹ̀ fi gbé sókè, ó sì gbé ìlà náà lọ sílẹ̀, lọ sílẹ̀, láìkánjú, títí ohùn fi dé ìsàlẹ̀ tó sì tán fúnra rẹ̀. Kò gbé ọ̀rọ̀ kankan mì.

Ó fi máíkì lélẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dá aago dúró, ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Nígbà wo ni?" ni obìnrin náà bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹkún ti gba ohùn ọkùnrin náà. "Bí mo ṣe padà láti ibí ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jíṣẹ́ rẹ fún wọn tán."

"Ẹ jẹ́ ẹ?"

"Mo jẹ́ ẹ. Mo ní o sọ pé wàá gbé e délé."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Ká máa wò ó.'"

Obìnrin náà mi orí. Wọ́n dì í mú lápá méjèèjì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Nígbà tó ti jókòó ti ìyá rẹ̀ pẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun gbé áyọ́ọ̀nù wá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó hun jọ níbì kan.

Orúkọ rẹ̀ kò wọ ìwé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe, obìnrin náà ní ẹsẹ̀ òun ò gbà á mọ́. Fún oṣù púpọ̀, wọn kò gbọ́ orin ní ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn tó ń kọjá á sì máa bi ara wọn pé irú oúnjẹ wo ló ń jẹ tí kì í tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, orin tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, láàárín ooru áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lọ sí ibi iṣẹ́, ó dúró lójú fèrèsé, ó tẹ́tí títí orin fi dé ẹsẹ̀ kejì. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"O tún ti gbé e mì," ó ní. "Kọ́là tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn náà ò sì dúró dáadáa."

Obìnrin náà mú ìbọ̀sẹ̀ tútù kan nínú bàsíà, ó jù ú bà á lójú. Lẹ́yìn náà ló nu ojú ara rẹ̀, ó sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.