Ìmọ̀ Tí A Kó Jọ Fún Wọn

Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ìyá mi ní Akparé bi mí pé kí ni wọ́n gbà mí sí. Mo ronú díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi gùn, kò sì ní ìtumọ̀ kan lẹ́nu wa.

Mo ní, "Ìyá, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ni wọ́n ní kí n máa kó jọ, kó má baà sọnù."

Ó ní, "Ṣé àwọn fúnra wọn kò lórí tí wọn á fi tọ́jú rẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́ kò tíì yé e.

Ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn òyìnbó kan ló ń fowó ràn án lọ́wọ́, ó sì ń gbẹ́ kànga tó ní pọ́ǹpù fún àwọn abúlé, láti ìtòsí Atakpamé títí dé apá Elavagnon. Ọ́fíìsì wa wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Kamina. Ọdún tó ṣáájú ìgbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ lọ sí abúlé kan, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí, wọn kò rí omi. Ìgbà náà ni àgbàlagbà kan níbẹ̀ sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ wọn kan náà ti wá gbẹ́ ibẹ̀ rí, wọn kò sì rí omi nígbà yẹn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tó rántí. Àwọn tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ìjábọ̀ wọn sì ti bá kọ̀ǹpútà wọn lọ.

Ọ̀gá àgbà tó gbà mí síṣẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Ó ní, "Ojú tì mí níwájú àwọn ará abúlé yẹn. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi wá sílẹ̀, ńṣe la tún ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo fẹ́ kí o bá mi fòpin sí i."

Ìtọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀ ni mo kọ́ ní Lomé. Mo rò pé mo ti mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ń béèrè ìjábọ̀ lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ti ẹnì kan wà lórí fóònù rẹ̀, ti òmíràn wà ní kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ nílé. Ìjábọ̀ kan ṣoṣo á wà ní oríṣiríṣi, gbogbo wọn á sì máa jẹ́ "final", bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìkẹyìn. Mo ṣe ibì kan fún gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Mo fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ibi tí wọ́n gbẹ́, ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó tún un ṣe àti bó ṣe tún un ṣe. Mo tún bẹ ọ̀gá pé kí a máa jókòó pọ̀ láàárọ̀ Jímọ̀, kí olúkúlùkù máa sọ ohun tó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ohun tí kò yọrí sí rere.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣìṣe níwájú ọ̀gá. Èyí tó le jù nínú wọn ni olórí àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Fófó, bí a ti ń pe ọkùnrin tó bá jù wá lọ ládùúgbò wa. Ó kàwé dáadáa, ó ti lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn odi, ó sì máa ń rán wa létí. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, ẹnu rẹ̀ kì í yá. Tó bá ti fẹ́ tú pọ́ǹpù, á rán ẹni tó bá a wá pé kó lọ kí olórí abúlé. Kí onítọ̀hún tó padà dé, omi ti ń tú jáde, Fófó sì ti ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, "Fófó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín nígbà díẹ̀, kí n kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa àwọn pọ́ǹpù wọ̀nyí."

Ó ní, "Àbúrò, ṣé o mọ ìdí tí wọn kò fi tíì lé mi níbí? Ọ̀gá kò fẹ́ràn mi. Àmọ́ tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Ìwọ wá fẹ́ kí n kó ìyẹn fún ọ, kí o lọ tì í mọ́nú kọ̀ǹpútà."

Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Fófó. Ọ̀gá ti sọ fún mi pé ẹ̀yin ni yóò máa kọ́ àwọn tuntun. Ipò yín á tún ga sí i ni."

Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Fófó mi orí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo lọ sílé ní ọjọ́ náà, mo ń sọ fún ara mi pé onímọtara-ẹni-nìkan ni ọkùnrin yìí.

Àìsàn ló yí i lọ́kàn padà. Ẹ̀yìn ríro mú un, ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, pọ́ǹpù ìlú àwọn àna rẹ̀ sì bàjẹ́ lásìkò náà. Wọ́n pè é títí lórí fóònù, ó ń júwe fún wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò yé wọn. Àwọn obìnrin padà sí odò tí màlúù ń mu. Nígbà tó dìde, ó wá sí tábìlì mi, ó ní, "Mú ẹ̀rọ tí o fi ń gba ohùn sílẹ̀ dání, jẹ́ ká lọ."

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn la fi ń lọ láti abúlé dé abúlé. Èdè Ifẹ̀ tí àwa ará Atakpamé àti Akparé ń sọ ló ń sọ, ó ní àwọn nǹkan kan wà tí Faransé kò lè gbé. Á gbé etí lé ọ̀pá, á ní kí n gbé tèmi lé e, á ní, "Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń mí? Awọ inú rẹ̀ ló ti gbó." N kì í gbọ́ nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Tí mo bá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún un, á ká mi lọ́wọ́ kò, á ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í yá wá di ẹni tí n kò lè dá dúró. Kí òjò tó dé, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ti ń dá pọ́ǹpù tún ṣe, wọ́n á jókòó gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbéra. Láàárọ̀ Jímọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń sọ ibi tó ti ṣàṣìṣe. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà nígbà yẹn bí kò ti dùn sí iṣẹ́ kankan rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀gá àgbà wa lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Owó tó ń wọlé dín kù, wọ́n sì rán obìnrin kan wá láti Lomé kó wá tún ilé-iṣẹ́ tò. Ó ní kí n fi iṣẹ́ mi han òun. Ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ka ojú ewé lójú ewé, ó sì yìn mí.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé gbogbo ohun tí olórí àwọn atúnpọ́ǹpùṣe mọ̀ ló wà níbí?"

Mo ní, "Rárá, Madámù. Ó ku púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fẹnu sọ."

Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Kò kọ ìyẹn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Fófó. Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé. Ó ní, "Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ohun tí mo mọ̀ ti wà níbi ààbò." Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de èsì.

Mo lọ bá obìnrin tó wá láti Lomé náà. Mo ní, "Madámù, wọ́n ṣèlérí fún ọkùnrin yìí pé òun ni yóò máa kọ́ àwọn tuntun."

Ó ní, "Ọ̀gá tó ṣèlérí yẹn ti lọ. Ṣebí ìdí tí ẹ fi ṣe ètò yìí nìyẹn, kí iṣẹ́ má baà dá lé ẹnì kan ṣoṣo? Bẹ́ẹ̀ lo kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ó kà á sí mi létí, ọ̀rọ̀ mi gan-an, mo sì jáde.

Kò parí síbẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ lókè òkun pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka máa lo ètò kọ̀ǹpútà kan náà tí wọ́n rà. Wọ́n kó àwọn ìjábọ̀ Faransé wa sínú rẹ̀. Àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè yẹn lọ́dọ̀ wọn, pé ó sì ń gba àyè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n ṣe ẹ̀dà kan pamọ́. Wọ́n ní ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni, kò gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, wọ́n sì ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Fófó kò sí ní ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ báyìí, wọ́n á pe àwọn kan láti Lomé, àwọn yẹn á fà á tu, wọ́n á fi tuntun sí i, tí owó tuntun bá wà. Níbi tí kò bá sí, àwọn obìnrin á padà sí odò.

Mo ṣe ọdún kan sí i, nítorí pé mo nílò iṣẹ́, lẹ́yìn náà mo kọ̀wé fi í sílẹ̀. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo wà báyìí. Wọ́n máa ń pè mí nígbà mìíràn pé kí n wá kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe máa kó ìmọ̀ òṣìṣẹ́ wọn jọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ara mi kò yá.

Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo lọ kí Fófó nílé rẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, a sọ̀rọ̀ iṣu, a sọ̀rọ̀ òjò. Mo wá sọ fún un pé wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ rẹ́.

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn kò pè mí?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láti ọjọ́ tó ti kúrò, ó ń retí kí fóònù rẹ̀ dún. Mo ní n kò mọ̀. Mo dìde, mo dágbére.

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ojú títì. Ó dúró tì mí títí alùpùpù kan fi dé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ yẹn wá sílé wa mọ́. Tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í jẹun." Mo ní mo ti gbọ́. N kò tíì padà lọ síbẹ̀.