Ẹjọ́ Orin Ló Jàre

"Fún un dáadáa," ni Yèyé máa ń wí, omi aró á sì máa kán sí ẹsẹ̀ àwa méjèèjì. Èmi á di etí aṣọ kan mú, òun á fi ọwọ́ òsì di èkejì. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò nà. Ọmọrí odó ni ọkọ rẹ̀ fi ṣẹ́ ẹ, ọjọ́ yẹn náà ló sì kó ẹrù wá sí yàrá kan nílé bàbá mi ní Òṣogbo. Ọmọ Iléṣà ni. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Òórùn aró àti òrí tó fi ń pa apá rẹ̀ kì í kúrò nínú yàrá náà.

Olórin ni ọkọ rẹ̀. Kí n má purọ́, orin rẹ̀ dùn. Èmi pàápàá máa ń jó bí rédíò bá gbé e, Yèyé á sì máa gbè é lábẹ́lẹ̀, torí òun ni ẹlẹ́gbè rẹ̀ kó tó sá. Ọkùnrin kan tó ń ta káséẹ̀tì ló wá tẹ orin náà jáde lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Kò sì sẹ́lòmíì tó wà níbẹ̀ nígbà tí olórin ń ṣe orin yẹn, àfi ìyàwó tó ṣẹ́ lápá.

Ìyá mi ní kó má lọ. "Ẹ jẹ́ kó jẹyán rẹ̀ níṣu."

"Bí mo bá purọ́ nítorí apá yìí," ni Yèyé dáhùn, "ṣé apá á wá nà ni?"

Èmi ni mo bá a gbé báàgì lọ. Kóòtù gbóná, fáànù kan ń ké lókè. Lọ́yà oníkáséẹ̀tì nawọ́ sí apá rẹ̀.

"Màmá, ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ sì fẹ́ kí kóòtù gbà pé èèyàn gidi ni?"

"N ò sọ pé èèyàn gidi ni. Òun ló ṣẹ́ mi lápá, òun náà ló ni orin. Ọ̀kan ò pa ọ̀kan rẹ́."

Adájọ́ dá ọkọ rẹ̀ láre. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀; títí di òní n kò rí àléébù nínú ìdájọ́ yẹn. Wọ́n gbé olórin sí èjìká jáde. Kò wo ibi tí Yèyé dúró sí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ fi dé. "Kóòtù ti dá ọkọ rẹ láre. Kí lo tún ń ṣe nílé onílé?"

"Ẹjọ́ orin ló jàre, ẹ̀yin bàbá. Ẹnikẹ́ni ò tíì dá ẹjọ́ apá mi."

Wọ́n yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gba ìyàwó oníyàwó sílé mọ́, kí aráyé má baà ní òun ń bá ẹni tó jàre jà. Yèyé di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn.

Lọ́dún kejì, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Iléṣà. Wọ́n ní ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó wádìí.

Inú ń bí mi sí gbogbo wa. Bí mo bá gbọ́ lónìí pé wọ́n dá ẹnì kan láre, ẹnu mi kì í gbà kí n má béèrè pé, nínú ẹjọ́ wo? Ìbéèrè kékeré ni. Ó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí àwọn àgbà yẹn jókòó sí pálọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn mu, mo sì dákẹ́.