Ife Kọfí Mẹ́jọ ní Al Warqa

Òórùn kọfí ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé kọfí ni nígbà tí mo rí i, nítorí kò dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi àgbo.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi àti màmá mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní Abu Shagara nílẹ̀ Lárúbáwá, nínú yàrá tí obìnrin márùn-ún mìíràn ń gbé. Ìyá Lárúbáwá kan ní àdúgbò Al Warqa wá ní yàrá lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí wa kí òun tó fún wa. Màmá mi kìlọ̀ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé: "Tí àgbà bá fún ẹ ní nǹkan, o ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má ba yàrá yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Ìyá náà gbé dàbínù síwájú wa, ó sì bu kọfí sínú ife tí kò ju ẹyin lọ. Mo gbé e mì. Yéè! Ó korò, kò sí ṣúgà kankan níbẹ̀. Kí n tó mí, ife ti kún. Mo rò pé tí mo bá yára mu ún tán, wàhálà á parí, ni mo bá tún dà á sọ́nà ọ̀fun. Ó tún kún! Mo wo màmá mi. Ife tiẹ̀ náà ń kún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn sì bo imú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìkẹjọ, ìtọ̀ ti fẹ́ pa mí, àyà mi ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n pẹ̀lú ife.

"Khalas?" ni ìyá náà wí, ìyẹn ni pé, "Ṣé ó ti tó?" Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbé kọfí sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣàlàyé fún wa: níbí, ẹni tó bá yó á mi ife rẹ̀, ẹni tí kò bá mì ín, wọ́n á máa bu sí i fún un ni. Ẹnu yà mí, ti màmá mi ò tilẹ̀ ṣeé pa dé. Kíá ló mi tiẹ̀ náà bí ìgbà tí ayò wà nínú rẹ̀.

Ìyá náà ní òun ò tíì rí àlejò tó fẹ́ràn kọfí òun tó báyìí. A rí yàrá gbà. Lọ́jọ́ tí a kó wọlé, fíláàsì kọfí kan ló gbé wá kí wa káàbọ̀.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Deira ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn oníbàárà tó ti Èkó wá bí wọ́n ṣe ń mi ife. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi tún kó iṣẹ́ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé kún tèmi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta irú ẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "No problem, sir." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn sàn jù mí lọ, ọwọ́ tiẹ̀ tilẹ̀ gbọ̀n, ife sì mì.