Kọ̀ǹpútà Ọmọ Onílẹ̀

Tí mo bá rí ọ̀dà pupa lára ògiri, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní Aradagun. Wọ́n á ta ilẹ̀ fún ọ tán, wọ́n á tún wá gbowó ìpìlẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà kọ "Ẹ wá rí wa" sára ilé rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, èyí tí wọ́n fowó rà, tún ní kí wọ́n sanwó, wọ́n figbe ta: "Ohun tí mo ti rà! Olè!"

Mo bá fi Linux, ètò ọ̀fẹ́, rọ́pò rẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Gbogbo ayé ni, bàbá."

"Kò sẹ́ni tó ń gbowó ẹ̀?"

"Rárá o."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀dà pupa ti wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà: "Ti ìdílé wa ni. Ẹ wá rí wa kí ẹ tó tàn án."