Aránṣọ Wọ́n Eérú Sídìí Àgbàdo Ìyàwó Rẹ̀

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ òun má dára, ẹ má pè é ní wèrè. Ìyá Gbòǹgbò ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí irúgbìn ló ti ń ṣiṣẹ́, gbòǹgbò àgbàdo ló sì ń fọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ìgbà tí abiyamọ ń wẹ ọmọ tuntun. Aránṣọ, ọkọ rẹ̀, máa ń sọ pé ká ní wọ́n fọ ẹsẹ̀ òun bẹ́ẹ̀ rí ni, òun ì bá ti di ọba.

Ohun tí obìnrin náà ń wá kò ṣòro yé. Bí ilẹ̀ bá kan jù, alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, á yọ́ sínú omi ilẹ̀, á sì máa ba ṣóńṣó gbòǹgbò jẹ́. Gbòǹgbò á kúrú, á ki, kò ní lè mumi dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàdo kan gbọ́n. Wọ́n á tu oje kíkan jáde lẹ́nu gbòǹgbò, irú kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Oje yìí á di irin náà mú bí ọlọ́pàá ṣe ń di olè mú, àfi pé ọlọ́pàá tibí kì í gba nǹkan kan kó tó tú olè sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ iléeṣẹ́ ti dára jù; wọ́n ti tọ́jú ẹ bà jẹ́. Ilẹ̀ tó burú dójú àmì tí Ìyá Gbòǹgbò rí ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, níbi tí koríko pàápàá ń hù bí irun orí arúgbó. Ó gbin oríṣi àgbàdo mẹ́fà síbẹ̀, oríṣi kan lórí ebè kan, ebè kọ̀ọ̀kan láti etí títì dé ìdí ògiri ẹ̀yìn. Ọ̀gá rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Ìyá, bí a ò bá rí èyí tó dúró lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ yìí parí nìyẹn. Ilé ìkẹ́rùsí lẹ ó ti lọ máa to àpò."

Kò ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé gbòǹgbò fún un títí, ọkùnrin náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí láì gbọ́ nǹkan kan.

Ewé àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Inú Ìyá Gbòǹgbò ń dùn: ìgbà tí àwọn yòókù bá rọ lòun máa mọ ọlọ́gbọ́n inú wọn. Inú Aránṣọ ni kò dùn, torí ọ̀kánkán ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wà, ẹnu onígbàjámọ̀ yìí sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ.

"Aránṣọ o! Ṣé àgbàdo nìyẹn àbí ìgbálẹ̀?"

"Gbájú mọ́ orí tó wà lọ́wọ́ ẹ."

"Ìyàwó ẹ kàwé nípa ilẹ̀! Ìyá mi ò mọ̀wé kankan, àgbàdo wọn ga ju òrùlé lọ."

"Má fi ìyá ẹ wé ìyàwó mi."

"Ta ló fi wọ́n wéra? Àgbàdo ni mo fi wéra."

Ẹni tó jókòó sórí àga rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú etí rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ lákínyẹmí ara. Nígbà tí iléeṣẹ́ rán ìyàwó rẹ̀ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mélòó kan ní ìlú míì, ó sáré lọ gba eérú lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì. Eérú a máa pa kíkan ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó tẹ́tí sí i. Ó wọ́n ọn láti etí títì dé ibi tí ojú onígbàjámọ̀ lè dé. Ibẹ̀ ló ti na ẹ̀yìn, ó ní ó tó. Ta ló ń wo ìdí ògiri? Òjò rọ̀ sí i, àgbàdo tutù yọ̀yọ̀, onígbàjámọ̀ panu mọ́.

Ìyá Gbòǹgbò dé, báàgì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló ṣe mí báyìí?"

"Èmi ni!" Aránṣọ ṣe àyà gbẹ̀du. "Èmi ọkọ ẹ!"

"Ẹ ti pa mí."

"Pa kẹ̀? Ṣé o ò rí i pé gbogbo ẹ̀ ló dúró ni?"

"Ohun tó pa mí náà nìyẹn! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọlọ́gbọ́n láàárín àwọn tó ń jẹun ọ̀fẹ́?"

Kó tó sunkún tẹ́rùn, mọ́tò ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ló lọ pàdé rẹ̀, ó ń nawọ́ sí àgbàdo bí ẹni tó ń fi aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán han oníbàárà. Ọ̀gá wò ó, ó fajú ro.

"Ìyá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kò sí ìyàtọ̀."

Ìyá Gbòǹgbò gba àárín ebè kọjá, ó fẹ́ lọ sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ìdí ògiri ló dé tó dúró gbagidi. Níbẹ̀, àgbàdo pọ́n bí ohun tí iná rà, gbogbo ẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, àfi ti ebè kan. Ìyẹn tutù láti etí títì dé ògiri, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó hú ọ̀kan níbẹ̀, ó hú aládùúgbò rẹ̀, ó gba omi mímu ọ̀gá láì tọrọ, ó fọ̀ wọ́n. Gbòǹgbò ti ọlọ́gbọ́n gùn, ó funfun. Ti aládùúgbò kúrú, ó ki bí ìka ọmọ ọwọ́.

"Oje ẹ̀ ń ṣiṣẹ́!" ló pariwo.

Ọ̀gá wo iwájú, ó rí eérú nílẹ̀; ó wo ẹ̀yìn, kò rí eérú kankan. "Áà, ẹ fi eérú sí apá kan kí a lè fi wéra! Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ta ló dá a?"

Ìyá Gbòǹgbò wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Baálé mi ni, sà," ó ní. "Wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró."

Ilé ìkẹ́rùsí ò ní rí Ìyá Gbòǹgbò mọ́. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, pariwo láti ọ̀kánkán: "Aránṣọ, kí ló dé tó ò wọ́n eérú dé ìdí ògiri?"

Aránṣọ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Iṣẹ́ ìwádìí ni," ó ní. "Kò lè yé ẹ."