Olùkọ́ Wa àti Ìyá Tí Kò Dárúkọ Ọmọ Rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ọmọ?" Olùkọ́ wa béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin Fúlàní tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa wolẹ̀. Igbá wàrà wà lórí rẹ̀, omi wàrà ń kán sí i léjìká díẹ̀díẹ̀, ó sì di ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọwọ́ gbogbo wa dúdú, nítorí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ewé ẹ̀gẹ́ àti èédú kun pátákó ìkọ̀wé tán ni.

Ní Ìgbó-Ọrà ni mo ti lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin ló ń kọ́ wa ní kíláàsì kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í yára rìn. Ìró bàtà rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Onígbàgbọ́ ni, ọmọ Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú wa. Nígbà ààwẹ̀, kì í jẹun lójú wa, bẹ́ẹ̀ àwa ọmọdé tí kò tíì gbààwẹ̀ ń jẹ mọ́ínmọ́ín tiwa níwájú rẹ̀ láìbìkítà.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì jáde wá láti ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìyá Tíṣà, ìyá wo ni kò lè dárúkọ ọmọ rẹ̀? Àbí ọmọ ọlọ́mọ ló gbé wá?"

Kò yani lẹ́nu pé ó fura. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá á pè é lóríkì títí orí ọmọ á fi wú. Ìyá tó bá dákẹ́ lórí orúkọ ọmọ, a jẹ́ pé ó ń sẹ́ ọmọ náà ni. Àwa ọmọ kíláàsì náà sì gbà á lẹ́nu ọ̀gá.

"Ọmọ tí kò lórúkọ! Ọmọ tí kò lórúkọ!"

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Màálù!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo kíláàsì.

Bóyá obìnrin náà kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó yí padà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọrí sọ́nà. Kò sí ọmọ kankan láti gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, tó tíì wá sílé-ìwé wa rí. Ìyá Tíṣà mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè jáde nínú ọgbà, ọmọ náà kò ní padà wá mọ́.

Kò bá wa wí. Ó wọ́ bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Àwa náà ti rọ́ sẹ́nu ọ̀nà, a ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ dákun, ìyá ọmọ, ẹ má bínú sí wa. Ṣé èèwọ̀ ni?"

Obìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Àkọ́bí ni, Màmá. Àwa, a kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìtìjú ni."

"Ìtìjú kẹ̀!" ni ọ̀gá tó ti tẹ̀ lé wọn débẹ̀ wí. "Lórí ọmọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ bí?"

Ìyá Tíṣà ní kí wọ́n gbé àga òun fún obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọkùnrin tó kúrú jù nínú wa.

"Ìyàwó tí bùrọ̀dá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé, kí ló ń pè ọ́?"

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "Àgùntáṣọọ́lò ni, mà."

Àwa bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò ga tó àmù!"

"Ṣé kò mọ orúkọ rẹ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pè é, nítorí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa."

"Ó kórìíra rẹ nìyẹn?"

"Rárá o, mà! Ó máa ń bu ẹran kún tèmi."

Ìyá Tíṣà wá kọjú sí ọ̀gá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kí ni ìyá àwọn ọmọ ń pè yín nílé?"

Ọ̀gá wúkọ́. "Bàbá àwọn ọmọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ orúkọ yín dáadáa."

"Ìyá Tíṣà, ẹ ti mú mi," ni ọ̀gá wí, òun náà sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ kọ sínú rẹ́jísítà?"

"Ọmọ náà lẹ́nu, ọ̀gá."

Ìyá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́tí sí ọmọ náà. Kíá ni ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́yìn, ó ń tún ewé orí wàrà tò. Ọmọ náà sọ orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Ìyá Tíṣà sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kan kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo Fúlàní ló ń pa àṣà yìí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìyàwó ilé wa ló ṣì ń fún ọmọ ilé ọkọ lórúkọ àdàpè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé gbogbo wa ti dájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, àfi Ìyá Tíṣà nìkan.

Ọmọbìnrin náà kò kúrò nílé-ìwé. Níparí ọdún, ọ̀gá pè é jáde láti gba ẹ̀bùn ìṣirò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ kàn wolẹ̀ ni.

"Ẹ wo ìyá yìí," ni àlejò kan wí. "Inú rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn!"

Ọ̀kan nínú wa bójú wẹ̀yìn. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. Inú wọn ń dùn. Àkọ́bí wọn ni."

Èmi náà ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Èrúwà ni mo sì ti pẹ́ jù. Mo kọ́ ọmọ Ègùn, mo kọ́ ọmọ Àgátú, mo kọ́ ọmọ Fúlàní. Bí ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ bá kàn, ìwé máa ń wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kí n tó ṣí i, mo máa ń ní kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí wọ́n ń ṣe nílé wọn tí àlejò lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣòro fún wọn mọ́ láti jókòó ti ara wọn.