Ìwẹ̀ Ọmọ Àjíbíkẹ́

Ta ló ṣẹ́ apá Tẹjúmádé? Ṣé ìyá àgbà tó ń wẹ̀ ẹ́ ni, àbí Ẹni tó mọ ọ́n nínú oyún? Mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò tíì rí èsì.

Àjíbíkẹ́, ìyá ọmọ náà, ń ránṣọ nítòsí ọjà Aswani. Ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, funfun ojú rẹ̀ sì dà bí ohun tí aró kàn. Kó tó pé ogún ọdún, egungun rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Àwọn ará ilé wọn ní Ìsọlọ̀ ń pè é ní Àwo Tánganran. Òun náà á dáhùn pé: “Ilé òtòṣì kọ́ ni wọ́n ti ń lò ó.”

Nígbà tó bímọ, Ìyá Babáwálé, ìyá ọkọ rẹ̀, wá láti Ìjẹ̀bú wá wẹ ọmọ bí a ti ń ṣe: ó fomi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lára, ó nà án lápá lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè, ó hán an. Lọ́jọ́ kẹwàá, apá ọmọ dún pọ́. Èmi, Ìyá Ìjọ wọn, ni mo mú ọṣẹ dání.

Dókítà ní okùn tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ kólájìn wà nínú egungun, bí irin ṣe wà nínú kọnkéré. Ti Àjíbíkẹ́ ò dára látinú oyún, ọmọ sì jogún rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má nà án mọ́.

“Ẹ ò gbọ́?” ni Ìyá Babáwálé figbe ta. “Ìyàwó ló kó o wọlé!”

“Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má nà án,” ni Àjíbíkẹ́ fèsì.

“Ọmọ méje ni mo nà, èwo ló kán? Ọmọ tí wọn ò nà ló ń rí bíi tìẹ!”

“Ìyá mi nà mí dáadáa, Màmá. Ẹ wò mí.”

Ìyá àgbà yíjú sí mi. “Ìyá Ìjọ, ẹ sọ fún un pé ẹ̀mí òkùnkùn ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ.

Lánàá, wọ́n tú sìmẹ́ńtì tí dókítà fi di apá ọmọ. Ìyá àgbà ti gbé omi kaná. Babáwálé, bàbá ọmọ, ń wolẹ̀. Ni Àjíbíkẹ́ bá tẹ́ ọmọ sórí ìrọ̀rí, ó gbé e wá bá mi.

“Ìyá Ìjọ, wọn ò lè já kànìnkànìn gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ẹ má tíì gbàdúrà o. Ẹ ṣáà rọra wẹ̀ ẹ́.”